Kí Ọmọ Tó Fa Fọ́múlà Yọ

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí a jọ ń tọ́mọ, kò sí ẹni tó jókòó sí kíláàsì físíìsì rí nílé ẹ̀kọ́ girama tí kò pàdé àwọn ìbéèrè kan. Àpótí kan wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fẹ́ yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Òkò kan já bọ́ láti orí ilé gíga. Ọkùnrin kan dúró nínú lífítì, lífítì ń gbé e gòkè. Àkàbà kan fara ti ògiri, ẹnì kan ń gùn ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa bá wọn nínú ìwé Nelkon, àwọn àbúrò wa bá wọn nínú ìwé Anyakoha, àwọn ọmọ wa ṣì ń bá wọn nínú ìdánwò WAEC lónìí. Nọ́ńbà inú wọn ló ń yí padà, ìbéèrè kò yí.

Tí ọmọ bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wálé, tó ń họrí lálẹ́, a mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. A ó ní kó lọ bá tíṣà rẹ̀ lọ́la. A ó wá owó lẹ́sìn. Tàbí kí á na fóònù sí i pé kó wá ìdáhùn lórí Google. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ilé ni, òbí tí kò rí ẹnu ọ̀nà girama pàápàá lè ṣe é: ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ìbéèrè náà fún yín bí ìtàn, ní Yorùbá tó fi ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà, kó ya àwòrán rẹ̀, kó sì tọ́ka sí gbogbo ohun tó ń ti nǹkan náà àti gbogbo ohun tó ń fà á. Títí tó fi máa parí ìyẹn, kó má fa fọ́múlà kankan yọ.

Mo ní ìdí tí mo fi di èyí mú. Nígbà tí a wà ní girama níbí n'Ìbàdàn, tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní físíìsì máa ń kọ fọ́múlà ìrìn sí pátákó, àwa náà á máa kà á lákàtúnkà: v = u + at, v² = u² + 2as, s = ut + ½at². Ohùn wa á gba kíláàsì kejì. Ẹ jí èyíkéyìí nínú wa lóru òní, á kà wọ́n fún yín láìkọsẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá yí ìbéèrè padà díẹ̀, tí wọ́n ní mọ́tò náà ń tẹ bíréèkì dípò kó máa sáré sí i, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà mìíràn gba kíláàsì wa. Òun kì í kọ nǹkan kan sí pátákó tí ẹnì kan nínú wa kò bá tíì ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu mọ́: "Kí ló kàn án?" Àpótí tí a fi okùn so wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: kí ló kàn án? A ó ní ilẹ̀ ni. Kí ni ilẹ̀ ń ṣe fún un? Ó ń gbé e dúró, ó sì tún ń dì í mú kó má tètè yọ̀. Kí tún ló kàn án? Okùn. Kí ni okùn ń ṣe? Ó ń fà á gòkè. Kí tún ni? Tí a bá ti ní kò kù mọ́, á ní ó ku ẹyọ kan, èyí tí kò nílò kó fara kan nǹkan kó tó fà á: ayé tí a dúró lé lórí, tó ń fa gbogbo wa sísàlẹ̀. Ó tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò tó gbà kí á mú fọ́múlà, fọ́múlà ọ̀hún kì í sì í ju ìlà méjì lọ.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní girama, kò sí èyí tó bá mi dé òní tó ìbéèrè yẹn. Ó rọrùn débi pé òbí kankan ò lè sọ pé òun ò lè béèrè rẹ̀. Ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà'ba lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó máa bi í pé kí ló kàn án, kí ni ìyẹn ń ṣe fún un, láìmọ ohun tí v tàbí u ń jẹ́. Ọmọ ló máa ṣàlàyé. Ibi tó bá ti ń ṣàlàyé ni òun fúnra rẹ̀ ti máa rí ibi tí kò yé e.

Àwa tí a ń gbé láàárín Mápó, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà ò tiẹ̀ ní àwáwí kankan, nítorí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò wọ́n wa. Orí òkè ni Gbọ̀ngàn Mápó wà. Gbogbo ìgbà tí ẹnjiníà Taffy Jones fi ń kọ́ ọ, títí wọ́n fi ṣí i ní 1929, kò sí òkúta kan tàbí àpò símẹ́ńtì kan tó dé orí òkè yẹn láìgba ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lóde òní, àwọn ọlọ́mọlanke ló ń bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn wọ̀yá ìjà lójoojúmọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 gbé ìbéèrè kan wálé: ẹrù tó jẹ́ kílò 200 wà lójú ọ̀nà kan tó jọ̀lọ̀, ọ̀nà náà ń ga sókè ní mítà 1 nínú mítà 10 kọ̀ọ̀kan, agbára wo la lè fi dì í mú kó má padà sẹ́yìn? Ó ti ń wá fọ́múlà kiri inú ìwé. Mo ní kó pa ìwé dé, kó wá sójú fèrèsé, kó wo ọlọ́mọlanke tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

"Kí ló kan ọmọlanke yẹn?"

"Ilẹ̀ ni, Màámi. Àti ọwọ́ ẹni tó ń tì í."

"Tó bá yọwọ́ ńkọ́?"

"Á padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò ní já bọ́ bí òkò, á kàn yí lọ ni."

"Kí ló dé tí kò fi ní já bọ́ bí òkò?"

Ó ronú díẹ̀. "Nítorí ilẹ̀ ṣì gbé e."

Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdajì ìdáhùn. Ká ní a gbé ẹrù náà kọ́ sókè gbọnrangandan, 2,000 Newton ni okùn yóò gbé, torí pé a máa ń fi 10 ṣe ìlọ́po iye kílò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọwọ́ ọlọ́mọlanke kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, nítorí mítà kan ni ọ̀nà fi ń gòkè nínú mẹ́wàá: 200 Newton, ìyẹn iye tí ènìyàn máa fi gbé ẹrù kílò 20 dání. Lẹ́yìn ìyẹn ló bi mí pé ọ̀nà wo ló jọ̀lọ̀ n'Ìbàdàn bí èyí tí ìwé ń sọ. Mo ní kò sí. Ìwé ní kí á kọ́kọ́ yọ bí ilẹ̀ ṣe ń di táyà mú kúrò níbẹ̀ ni, kí á lè rí ohun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ń ṣe. Tó bá yá, a ó dá ti ilẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ó dára kí á máa là á yé wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ní làákàyè, tó sì ń wo àyíká rẹ̀, lè rò pé irọ́ ni ìwé ń pa fún òun, a sì máa pàdánù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó dé SS3.

Ibẹ̀ náà ló ti rí ohun tí n kò pè é sí rárá. Ọlọ́mọlanke yẹn kò gòkè tààrà. Ó ń gé ọ̀nà láti ọ̀tún sí òsì, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, àwọn takisí Micra sì ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tó fi ń ṣe báyẹn? Ṣé kò mọ̀ pé ọ̀nà á jìn ni?" Mo dá ìbéèrè náà padà fún un. Ó mú bébà, ó ya ọ̀nà méjèèjì. Tí ọlọ́mọlanke bá dábùú ọ̀nà débi pé mítà 20 ló máa rìn kó tó gòkè ní mítà 1, 100 Newton ni ọwọ́ rẹ̀ máa gbé dípò 200. Ṣùgbọ́n mítà 20 ló rìn dípò 10. Ó ṣe ìlọ́po méjèèjì, 2,000 ló bá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò dín. Èyí tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ara lójú kan ló dín, ara ọkùnrin náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé ọgbọ́n wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Tí físíìsì bá kọ́ ọmọ láti máa wo alágbàṣe àti alábàárù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀kọ́ ilé ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ẹ̀kọ́ ìrìn ti gbérasọ. Galileo, ọmọ Ítálì, fẹ́ mọ bí eré ohun tó ń já bọ́ ṣe ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń já bọ́ yára ju kí ojú lè bá a lọ, kò sì sí aago nígbà náà tó lè ka ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ó wá bí yóò ṣe dín eré náà kù. Ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sára igi gígùn, ó gbé orí igi náà sókè díẹ̀, ó ń yí bọ́ọ̀lù idẹ lórí rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi ṣàn láti inú ihò kékeré sínú ife. Iye omi tó bá wọ ife ló máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n kó lè mọ iye àkókò tó lọ. 1638 ló tẹ ìwé tó kọ èyí sí jáde. Ìbàdàn kò tíì sí. Ó ku ohun tó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún kí àwọn jagunjagun tó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1829. Newton ló wá kó òfin ìrìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní 1687, àwọn náà la fi ń dáhùn ìbéèrè WAEC títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ kí á rí nínú ìtàn yìí ni pé igi, omi àti bọ́ọ̀lù ni ọkùnrin náà lò. Gbogbo rẹ̀ ló wà nílé wa. Ẹ wá pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé apá kan rẹ̀ sókè kó ga tó ìnṣì mẹ́fà. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí bọ́ọ̀lù má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sókè pátápátá níbi tí bọ́ọ̀lù yóò ti gbéra. Láti ibẹ̀, ẹ fa ìlà sí sẹ̀ǹtímítà 10, sí 40, sí 90, sí 160. Ẹ gba irin róbótó inú bẹ́árìn lọ́wọ́ mẹkáníìkì, tàbí kí ẹ lo bọ́ọ̀lù gíláàsì tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Kí ọmọ kan máa pàtẹ́wọ́ lọ́gbọọgba bí ẹni tó ń lu agogo fún olórin, kó má yára, kó má falẹ̀. Kí ọmọ kejì jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú àtẹ́wọ́ kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é nílé wa, àwọn ọmọ ní mo fa ìlà náà sódì, torí pé àlàfo ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju tòkè lọ dáadáa. Mo ní kí wọ́n ṣá gbọ́. Alátẹ́wọ́ yára jù lákọ̀ọ́kọ́. Ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá bọ́ọ̀lù mu. Nígbà tó bá a mu, bọ́ọ̀lù ń kọjá ìlà, àtẹ́wọ́ ń ró, ìlà mìíràn, àtẹ́wọ́ mìíràn, títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Ariwo sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wá wọn àlàfo àárín ìlà: 10, 30, 50, 70. Àbúrò tó wà ní JSS ló rí i pé ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́, ó ń wo 10, 40, 90, 160. Ó ní, "Ẹyọ kan, mẹ́rin, mẹ́sàn-án, mẹ́rìndínlógún. Màámi, ½at² nìyí." Ó ti ń kà á látẹnu láti SS1, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ló ti rí i tó ń yí lọ lórí pákó.

Àwọn òbí kan ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba àwọn: tí a bá ń fi Yorùbá ṣe físíìsì nílé, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kò ní bàjẹ́, ṣé á sì lè kọ WAEC? Ìbẹ̀rù yìí ti pẹ́, wọ́n sì ti dán an wò nítòsí wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, wọ́n sì ní kí olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n wọn àbájáde rẹ̀, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Òótọ́ ni pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ girama tó ń múra WAEC. Nítorí náà, ohun tí a ń ṣe nílé wa ni pé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sọ ìtàn náà tán ní Yorùbá, tí àwòrán ti pé, á wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nínú ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì tó bá tẹ̀lé òye kì í ta kókó.

Ìbéèrè lífítì ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú jù, ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa ò sì tíì wọ lífítì rí. Èyí tó sún mọ́ wa tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Ẹni kílò 60 dúró nínú lífítì. Kí ló kàn án? Ilẹ̀ lífítì nìkan. Tí lífítì bá gbéra lọ sókè, tí eré rẹ̀ ń fi mítà 2 lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 720 Newton. Tó bá gbéra wá sísàlẹ̀ lọ́nà kan náà, 480 ni. Ọmọ á gba èyí. Ohun tí kì í fẹ́ gbà ni pé tí lífítì bá ń lọ ní eré kan náà, tí kò pọ̀ sí i tí kò sì dín kù, 600 ni yóò jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó dúró sójú kan. Á ní, "Ṣebí ó ń lọ!" Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bi í pé nínú Micra láti Bẹẹrẹ lọ sí Dùgbẹ̀, ìgbà wo ni àga máa ń ti ẹ̀yìn rẹ̀, ìgbà wo ló sì máa ń tàkìtì síwájú. Á sọ fún yín pé ìgbà tí dírẹ́bà bá fi iná sí i àti ìgbà tó bá tẹ bíréèkì. Láàárín méjèèjì ńkọ́? Á dákẹ́, lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ ká fara balẹ̀, torí ó kan bí a ṣe ń tọ́ ọmọ Yorùbá. Nínú físíìsì, àgbà lè wí kó má rí bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré á sì rí i. Tí bàbá bá ní òkúta ńlá máa tètè délẹ̀ ju òkúta kékeré lọ, tí wọ́n bá gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n sì jọ̀wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ dún nílẹ̀ ni, ì báà jẹ́ olórí ẹbí ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé èyí á sọ ọmọ di aláfojúdi. Èmi rò pé òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe, tí a bá kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ilé wa, ọmọ kò lè sọ pé "Irọ́ ni." Ó lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ jẹ́ ká tún un wò." Èmi náà ò sì ní láṣẹ láti sọ pé "Ṣé èmi lò ń bá jiyàn?" A ó jọ dìde lọ wò ó. Ọmọ tó bá dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀, ọ̀tọ̀ ni òótọ́, àti pé kò sí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ pa èkejì.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí dé egungun nígbà tí òbí bá ń dá owó jọ kí wọ́n lè kọ ìdáhùn físíìsì fún ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọmọ tí a ti kọ́ pé a lè ra ìdáhùn kò ní tún béèrè pé kí ló kàn án mọ́, torí kò ní rí ìwúlò rẹ̀. A ò sì lè fún bọ́ọ̀lù orí pákó ní rìbá. Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, ẹni tó gbé láyé láti 1937 títí di 1984, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó. Ó mú mọ́tò jíìpù kan, ó tún inú rẹ̀ ṣe, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Autonov 1. Gbogbo jíà tó lè fi lọ síwájú ló lè fi lọ sẹ́yìn pẹ̀lú. Ẹni tó bá ra ìdáhùn ìdánwò kò lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kó ṣe bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé gbogbo ọmọ wa ló máa di Awójọbí. Ọmọ tèmi lè lọ ṣe òwò, kó má sì tún ya àpótí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n yóò sọdá títì lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò títì yìí pẹ̀lú wọn, mo bẹ̀ yín, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Mọ́tò ń bọ̀ sí Bẹẹrẹ pẹ̀lú eré kìlómítà 36 ní wákàtí kan; mítà 10 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, eré náà ń fi mítà 5 dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kó tó dúró, á ti rìn mítà 10. Mọ́tò mìíràn ń bọ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 72, ìlọ́po méjì péré. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rò pé mítà 20 ló máa rìn kó tó dúró. Mítà 40 ni. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí u² ló wà nínú v² = u² + 2as, u nìkan kọ́. Tí ojú dírẹ́bà bá sì gba ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó rí ọmọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ẹni àkọ́kọ́ lo mítà 20 lápapọ̀, ẹnì kejì lo 60.

Fọ́múlà kan náà ló ń sọ bí ìkọlù ṣe máa rí tí mọ́tò kò bá rí àyè dúró. Ohun tó já bọ́ láti ibi tó ga ní mítà 5, ìyẹn nǹkan bí orí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, máa délẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú eré kìlómítà 36. Kí eré rẹ̀ tó di 72, ó ní láti já bọ́ láti mítà 20, ilé bí alájà mẹ́fà. Nígbà tí ọmọkùnrin mi parí ìṣirò yìí, ó gbé bíírò sílẹ̀, ó ní, "Nítorí náà, tí ọ̀kadà tó ń sáré bẹ́ẹ̀ bá gbá mi, bí ẹni pé mo já láti orí ilé alájà mẹ́fà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn, n kò tún pariwo mọ́ ọn lórí ọ̀rọ̀ títì, òun ló máa ń di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú ní Bẹẹrẹ títí ọkọ̀ á fi kọjá tán.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí á jọ gbé lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí á béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìgbà tí àwọn ọmọ SS1 máa ń fọwọ́ kan irinṣẹ́ yàrá físíìsì. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ ọwọ́ WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Àwọn olùkọ́ wa ń ṣe gudugudu méje lórí owó tí kò tó nǹkan, wọn ò sì lè ra gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n òwú tó gùn ní mítà 1, òkúta, ìṣó àti aago fóònù ò wọ́n. Ẹ so òkúta mọ́ òwú, ẹ fi kọ́ ìṣó, ẹ jẹ́ kó máa fì díẹ̀díẹ̀, ẹ ka àlọ àti àbọ̀ 20: á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹ pààrọ̀ òkúta sí èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n rò kí ẹ tó kà á. Èmi á mú pákó ilé wa wá. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n tó dára, ẹ jọ̀ọ́, kó bá wa mú un dání.